Kò Sí Zulaiha Nínú Máàpù Ìgbín

Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbín àti àkèré wà nínú rẹ̀. Ìtàn ìyàwó ọmọ mi ni, Rasheedah, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri ìgboro Kaduna. Ẹni tó bá ti kọjá ní gáréèjì Tẹlifíṣàn á ti rí i: obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, tó fi fóònù kọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ bí ẹni fi tírà kọ́ ọrùn ọmọ.

Ìlọrin la ti fẹ́ ẹ wá fún Jàmàlúdéènì, ọmọ mi tó ń ta táyà ní gáréèjì yẹn. Nígbà tó dé, Hausa tó gbọ́ kò ju "sannu" àti "na gode" lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í fọ́ sí ohun tó ń lọ láyìíká. Ó rí i pé àwọn ìyá àdúgbò ń wá obìnrin tí yóò máa kó àwọn ọmọ wọn lọ síléèwé, tí yóò sì máa gbé àwọn náà lọ sóde láìsí pé ọkùnrin ń wo wọ́n nínú dígí. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, Jàmàlú gbà. Wọ́n wá bá mi, èmi náà gbà. Mo ní, "Ọmọ tó bá lè wa ọkọ̀, kí ó wà á. Ṣé ẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ fi ń mọ ọkùnrin?"

Ìlú ńlá ni Kaduna fún ẹni tí kò dàgbà síbẹ̀, nítorí náà fóònù ló ń fọ̀nà hàn án. Obìnrin kan wà nínú fóònù náà tó máa ń sọ pé kí ó yà sọ́tùn-ún, kí ó yà sósì. Bó bá fẹ́ pe Kakuri tàbí Makera, á pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé máàpù yẹn fún mi, kò sí nínú fóònù rárá. Ibì kan ló wà lókèèrè, tó ń ṣàn wá díẹ̀díẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ ti ń lọ, dátà ló sì ń gbé e wá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ojú fóònù á funfun báláú, obìnrin inú rẹ̀ á panu mọ́.

Ohun tó fa wàhálà nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi kan wà, Alfa ni, ilé-kéwú rẹ̀ wà ní Makera. Àbdùlsàlámì lorúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ìwé yìí ló pè é, ẹnu mi kọ́. Mo bá a nílé ọkọ ni. Ọmọ tó ń da ewúrẹ́ ni nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ọmọ náà ì báà máa rákò. Arẹwà ni mo sọ ọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú báyìí, Arẹwà náà ni mo ń pè é.

Ní ọjọ́ kan, Arẹwà fẹ́ lọ so yìgì fún àwọn kan ní Rigasa. Rasheedah ní òun á gbé Bàbá lọ. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí kọ́nà pọ̀ sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Wọ́n yà síbí, kò jáde. Wọ́n yà sọ́hùn-ún, inú oko àgbàdo ni wọ́n bá ara wọn, tí màlúù ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa fi débẹ̀, wọ́n ti fi alfa mìíràn so yìgì, àwọn èèyàn ti ń jẹun. Ẹnìkan tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn wá ké látabẹ́ àtíbàbà pé, "Áà, Alfa! Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ ó kúkú bá wa sọmọ lórúkọ!"

Ẹ̀rín bolẹ̀. Arẹwà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà dé, ilé wa ló bọ́ sí tààrà. Ó ní, "Jàmàlú, obìnrin tí kò mọ ibi tó ń lọ, ta ni yóò mọ ibi tó gbà? Kẹ̀kẹ́ yìí ò bójú mu. Mi ò ní í fi ìbínú sọ̀rọ̀ lónìí. Ọjọ́ tí gbogbo ẹbí bá pé jọ ni n ó sọ ọ́, bí mo bá sì ti sọ ọ́, ó parí."

Yóò sì parí lóòótọ́, nítorí nílé wa, ohun tí Arẹwà bá sọ láàárín ẹbí, ẹnikẹ́ni kì í yí i. Rasheedah kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Lẹ́yìn náà ó mú àkísà, ó lọ ń nu dígí kẹ̀kẹ́. Ó nù ún, ó nù ún, títí mo fi ní, "Rasheedah, dígí ni o, kì í ṣe ìkòkò tó jóná." Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ìyá, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, orí kẹ̀kẹ́ yìí nìkan ni mo ti ń rò pé mo mọ Kaduna, tí Kaduna náà sì mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Kò pẹ́ sí i, awakẹ̀kẹ́ kan tó ń gbé ní Narayi, Ezra lorúkọ rẹ̀, bá a sọ̀rọ̀ ní gáréèjì. Ó ní máàpù mìíràn wà tí èèyàn lè gbà gbogbo rẹ̀ sínú fóònù kó tó jáde nílé. Bó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà o, kò sí o, á máa fọ̀nà hàn án. Èèyàn sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sí ibi tó bá wù ú nínú rẹ̀, kó fún un lórúkọ.

Ìdí ẹ̀wà tí mò ń ṣà ni Rasheedah ti wá bá mi, tó ń rò ó fún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá mi ti pa àlọ́ máàpù yẹn fún wa lójú òṣùpá, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe fóònù."

"Ìyá, àlọ́ máàpù kẹ̀?"

"Ìgbín àti Àkèré jọ ń gbé létí odò. Ní gbogbo ìgbà tí Ìgbín bá ń wọ́ kọjá, Àkèré á bú sẹ́rìn-ín: 'Alẹ́rù! Alẹ́rù! Odò nìyí níwájú wa, ìwọ ń gbé omi kiri lẹ́yìn!' Ìgbín ń wọ́ lọ ní tirẹ̀. Ọ̀dá dé. Odò fà, odò fà, odò di iyanrìn. Àkèré ń fò láti ihò kan sí èkejì, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó ń dún kó-kó-kó. Ìgbín wọlé rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ṣé o mọ̀ pé omi ìgbín kì í gbẹ?"

Rasheedah pàtẹ́wọ́. "Ìyá! Máàpù àtijọ́ tí mò ń lò, Àkèré ni! Ti Ezra yìí, Ìgbín ni!"

Mo ní, "Dúró, àlọ́ náà ní ìrù." Ṣùgbọ́n ó ti sáré wọlé lọ mú fóònù, n ò rí ìrù náà pa.

Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tó bá ti gbé ẹbí wa lọ, á fi àmì síbẹ̀ nínú máàpù Ìgbín. Ilé ọmọ mi obìnrin àgbà, Amudat, ní Kawo. Ṣọ́ọ̀bù Najeeb, ọmọ mi, àbúrò Jàmàlú, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Barnawa. Mọ́ṣáláṣí Arẹwà ní Makera. Nígbà tí Zulaiha, àbígbẹ̀yìn mi, àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn Rigachikun, níbi tí ilé kò ní nọ́ńbà tí ọ̀nà kò sì lórúkọ, Rasheedah ló fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù wọn. Yàtọ̀ sí òun àti Jàmàlú tó tẹ̀ lé e, kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀.

Zulaiha bá bímọ, ó bí obìnrin. Arẹwà ránṣẹ́ sí wa pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni ọjọ́ náà. Gbogbo ẹbí á pé. Òun á sọ ọmọ lórúkọ, lẹ́yìn náà òun á sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ náà ku ọ̀la, Rasheedah pe Najeeb. "Ọkọ mi kékeré, mú fóònù rẹ wá kí n fi máàpù mi sí i. Ìwọ lo máa gbé Bàbá àti Ìyá."

Najeeb ń rẹ́rìn-ín. "Haba, Àǹtí! Ai akwai network. Zulaiha ti fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí mi."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lónìí. Ṣé o ti bi í bóyá ó ń lọ síbì kan lọ́la?"

"To, ó dáa. Kí ọkàn yín lè balẹ̀." Ó gbé fóònù fún un, Rasheedah sì fi Ìgbín sí i pẹ̀lú gbogbo àmì tó ti fi sínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kùtù, Rasheedah àti ọkọ rẹ̀ ti kó ìkòkò àti àgbò sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ti lọ, nítorí ìyàwó ilé ló ń kọ́kọ́ débi ìdáná. Arẹwà ti ní òun kò tún ní í jókòó sẹ́yìn obìnrin mọ́, ni Najeeb bá yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Arẹwà jókòó síwájú pẹ̀lú láwàní rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Obìnrin inú fóònù ń pe ìlú bó ṣe máa ń pè é, à ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A kọjá Kawo. A dé Rigachikun. A kúrò lójú títì, a wọ ọ̀nà erùpẹ̀. Lójijì obìnrin náà dákẹ́.

Najeeb ní, "Network ya tafi."

Arẹwà ní, "Ó lọ síbo?"

"Ó ti lọ ni, Bàbá."

"Pe Zulaiha."

"Ìpè náà ò lọ."

"Pe ọkọ rẹ̀."

"Bàbá, kò sí èyí tó ń lọ nínú wọn."

Arẹwà mí kanlẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: àtíbàbà Rigasa, àti ẹni tó ní kí ó jókòó kó bá wọn sọmọ lórúkọ. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wá sọ lónìí? Ṣùgbọ́n tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Mò ń rò ó pé bí a bá ṣìnà, bí alfa mìíràn bá sọ ọmọ lórúkọ, inú tó máa bí Arẹwà lọ́jọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Rasheedah kò ní í là á já.

Mo ní, "Najeeb, ṣí Ìgbín."

Ó ṣí i. Ó tẹ orúkọ Zulaiha, kò rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn, kò rí i. Ó tẹ orúkọ ọkọ Zulaiha, bákan náà. "Kò sí Zulaiha nínú ẹ̀."

Arẹwà ní, "Mo mọ̀! Gbé e wá." Ó gba fóònù, ó sún un jìnnà sójú bí ẹni fẹ́ yìnbọn, ó ń kà á sínú. Òun àti Najeeb wá forí korí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí, nítorí n kò mọ̀wé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Najeeb yí ọkọ̀ padà, ó kọjú síbi tí a ti ń bọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, níbo là ń lọ?"

"Ìyá, a ti rí i. Ó ní ká padà sí Kawo."

"Zulaiha tó ń gbé lẹ́yìn Rigachikun, ẹ ń wá a lọ sí Kawo? Kí lẹ kà? Ẹ kà á síta."

Arẹwà tún ọ̀fun ṣe. "Ìbàdíàrán."

Mo lu ẹ̀yìn àga rẹ̀ gbàgà. "Dúró! Dúró! Amudat nìyẹn! Ibi ìdáná ló wà láti àárọ̀, ẹ fẹ́ lọ kan géètì rẹ̀ lásán!"

Ọkọ̀ dúró. Àwọn méjèèjì yíjú wò mí. Mo ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ìyàwó ni Rasheedah? Ìgbà wo lẹ gbọ́ Zulaiha lẹ́nu rẹ̀ rí? Ẹ ka àwọn tó kù fún mi."

Arẹwà ń kà, èmi ń túmọ̀. Àwa ọmọdé ìgbà òṣùpá la mọ irú eré bẹ́ẹ̀: ẹnìkan á dá a, ẹnìkan á gbè é.

"Ọkọ Mi Kékeré."

"Najeeb, ṣọ́ọ̀bù rẹ nìyẹn."

"Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín."

"Ilé wa ni. Èmi ni."

"Bàbá Arẹwà. Makera." Arẹwà dúró. Ó tún un kà. "Ta ni… ta ni Bàbá Arẹwà?"

Mo ní, "Ẹ wo dígí tó wà lókè orí yín, ẹ ó rí i."

Najeeb fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Arẹwà fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ sí irùngbọ̀n fúnra rẹ̀, ó rọra fọwọ́ pa á.

Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan. Òpéléńgẹ́."

"Ó parí! Zulaiha nìyẹn."

"Ìyá Jàmàlú, ẹ máa bẹ̀rù Ọlọ́run. Zulaiha tó ń fẹ̀gbẹ́ wọ ilẹ̀kùn?"

"Nígbà tí Rasheedah wọlé wa, Zulaiha tín-ín-rín bí ọwọ̀. Orúkọ tí ìyàwó bá sọni ní kékeré, èèyàn kì í sanra kúrò nínú rẹ̀. Ṣé arẹwà náà ni yín títí di òní ni?"

Najeeb ní, "Wayyo Allah," ó ń nu omijé ẹ̀rín. Ó tẹ Òpéléńgẹ́. Ìgbín na ìlà kan láti ibi tí a wà, ó gba ẹ̀yìn ilé-kéwú kékeré kan, ó yí igi máńgòrò ká, ó dúró. A tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí a yọ sí igi máńgòrò náà, híjáàbù aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ rí. Rasheedah ti dúró sójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun, ó ń wo ọ̀nà. Bó ti rí láwàní Arẹwà nínú ọkọ̀, ó mí, gbogbo èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

A bá wọn tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Arẹwà gbé ọmọ sọ́wọ́, ó pe ìrun sí i létí, ó sọ ọ́ ní Ilham. Ohùn rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju bó ti máa ń dùn lọ.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó fọwọ́, ó nu ẹnu. Àwọn ọmọdé pàápàá dákẹ́, nítorí wọ́n rí i pé àwọn àgbà dákẹ́. Jàmàlú ń wo ilẹ̀. Arẹwà ní, "Ẹ bá mi pe ìyàwó wa."

Rasheedah wá, ó kúnlẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò kọ Zulaiha sínú máàpù? Díẹ̀ ló kù ká sùn sínú igbó."

"Bàbá, ẹnu mi ò gbà á."

"Èmi ò ní kí o pè é lẹ́nu. Ìka lèèyàn fi ń kọ̀wé."

Rasheedah wo ìka rẹ̀. Ó ní, "Ìka mi náà, ilé yìí lẹ fẹ́ ẹ sí, Bàbá."

Háà! Àwọn ìyàwó tó wà níbi ìdáná hó yèè. Èmi alára dìde. Arẹwà kọ́kọ́ fi láwàní bojú, nígbà tó ṣí i, a rí i pé ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí n kò tíì rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tó ń da ewúrẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Mo sọ pé mo máa sọ̀rọ̀ kan. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ Jàmàlú rí pé ta ni yóò mọ ibi tí obìnrin yìí ń gbà. Lónìí mo ti ka ibi tó ń gbà. Ilé wa ni. Ilé gbogbo wa ló kún inú rẹ̀ bámú, kò sí ilé àjèjì níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á máa lọ. Ó parí." Ó dìde, ó gbé bàtà rẹ̀. "Òun ni yóò sì gbé mi padà sí Makera."

Bí èmi àti Arẹwà ṣe jọ jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nìyẹn, a dà bí ìyàwó àti ọkọ ìyàwó. Ìgbín mú wa jáde sójú títì wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a sún mọ́ ilé, ó ní ká yà sí ọ̀nà kan tó gé kúrú. Rasheedah kò yà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, ó sì ti ṣí Àkèré láti yẹ ojú ọ̀nà wò.

Ó ní, "Ìyá, Àkèré ní wọ́n ti dí ọ̀nà yẹn. Wọ́n ń ṣe kọ́báàtì tí omi máa gba abẹ́ títì kọjá síbẹ̀. Ìgbín ò mọ̀."

Mo ní, "Ìrù àlọ́ mi nìyẹn! Nígbà tí wọ́n ń sun igbó, Ìgbín tilẹ̀kùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Àkèré tí etí rẹ̀ wà níta ló sáré wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kí Àkèré tún pe Ìgbín ní alẹ́rù."

Rasheedah ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, Ìyá. Àwọn méjèèjì ni mo fi ń ṣiṣẹ́." Ó yíwọ́ síbi tí ọ̀nà ti là.

Nígbà tí a dé ẹnu mọ́ṣáláṣí Makera, Arẹwà kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí Rasheedah fún òun ní fóònù náà, kí a kọ orúkọ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn inagijẹ wọ̀nyẹn, kí ẹlòmíràn má baà tún ṣìnà. Èmi ni mo bí àwọn ọmọ, ẹnu tèmi gbà á. Mò ń pè é, òun ń tẹ̀ ẹ́: Amudat sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdíàrán, Najeeb sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ Mi Kékeré, Zulaiha sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpéléńgẹ́. Rasheedah ń wo òkè bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó wá kan Bàbá Arẹwà. Èmi ò lè pè é. Rasheedah ò lè pè é. Arẹwà nìkan ló lè tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ó gbé ìka sókè, ó dúró, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó dá fóònù padà fún ìyàwó wa. Ó ní, "Ìyẹn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."